Bí ẹ ṣe lè fi príntà ilé tẹ sítíkà fún mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ ojú omi yín

Kẹ́ ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi eléyìí sọ́kàn: príntà ilé kì í tẹ funfun. Kò sí ínkì funfun nínú ẹ̀ rárá, ibi tó bá yẹ kó funfun nínú àwòrán ńṣe ló máa fò ó kọjá, á fi pépà sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé funfun ni pépà tá à ń lò lójoojúmọ́ la ò ṣe kíyè sí i. Ẹ wá lọ tẹ orúkọ ọkọ̀ ní lẹ́tà funfun sórí pépà sítíkà tó mọ́ gaara, pépà yẹn á jáde bó ṣe wọlé, ẹ ò ní rí nǹkan kan lórí ẹ̀. Irú pépà tẹ́ ẹ máa rà o, bẹ́ ẹ ṣe máa ya àwòrán yín o, àwọ̀ tẹ́ ẹ máa fi kun ara ọkọ̀ o, orí ọ̀rọ̀ funfun yìí ni gbogbo ẹ̀ dá lé, ìyẹn ni mo ṣe fi ṣáájú.

Sítíkà tí mò ń sọ níbí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa ń bó lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, èyí tí wọ́n ń rẹ sómi ni, irú tó máa ń wà nínú páálí mọ́dẹ̀lì tí wọ́n ń tà. Ìpele mẹ́ta ló ní: pépà tó nípọn díẹ̀ wà nísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ nínú omi wà láàárín, fíìmù tín-ín-rín kan wá wà lókè, orí fíìmù yẹn ni ínkì máa ń dúró sí. Tí omi bá ti wọ inú pépà, gọ́ọ̀mù á yọ́, fíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ̀yin á wá rọra tì í bọ́ sórí ọkọ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé fíìmù yẹn tín-ín-rín débi pé tẹ́ ẹ bá fi fánííṣì bò ó tán, ojú ò ní mọ ibi tó parí sí, ẹni tó bá wò ó á rò pé wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ ni. Sítíkà onírọ́bà tí wọ́n ń bó lẹ́yìn ò burú fún ọkọ̀ tó gùn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ kékeré etí ẹ̀ máa ń yọ síta, kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ pé ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Pépà wo ni kẹ́ ẹ rà?

Oríṣi príntà méjì ló wọ́pọ̀ nílé, inkjet tó ń fín ínkì olómi, àti lésà tó ń lo tónà. Pépà àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra o, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Pépà inkjet ní nǹkan kan tí wọ́n fi pa á lójú tó ń fa ínkì mu, tẹ́ ẹ bá lọ ki irú pépà yẹn bọ inú príntà lésà, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ tónà mọ́ pépà níbẹ̀ lè gbóná tó 180 sí 200 °C, fíìmù yẹn lè yọ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn nínú, príntà yẹn ti di nǹkan míì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì gbé ti lésà sínú inkjet, ínkì ò ní ríbi wọlé, á kàn máa ṣàn kiri lójú pépà bí omi orí ewé kókò.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, lésà ni màá mú. Ike ni tónà, omi ò ràn án, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ lò ó lọ́sàn-án. Lésà tó ń tẹ dúdú nìkan gan-an tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lára ọkọ̀: orúkọ, nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ (èyí tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe wọ inú omi tó), àwọn àkọlé kéékèèké ara ilẹ̀kùn, ojú agogo inú yàrá awakọ̀. Inkjet ló dáa jù fún àwòrán aláràbarà, àwọ̀ ẹ̀ máa ń wọra wọn dáadáa, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi fánííṣì bò ó kó tó rí omi, èyí tá a máa dé ibẹ̀ láìpẹ́. Nínú inkjet náà, ínkì tí wọ́n ń pè ní pigment máa ń pẹ́ lójú oòrùn ju èyí tó jẹ́ dye lọ, tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yín á máa lọ sórí omi lọ́sàn-án gangan, ẹ wò ó lára páálí ínkì kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ pépà tó mọ́ gaara àti pépà tó funfun. Èyí tó mọ́ gaara lẹ máa lò tí ara ọkọ̀ bá funfun tàbí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà dúdú tàbí búlúù tó ṣú lórí ọ̀dà funfun, kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá. Wàhálà ń bẹ níbi tí ara ọkọ̀ bá ti dúdú, ó sì ṣe tán ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ara wọn dúdú tàbí tó jẹ́ búlúù tó ṣú. Kì í ṣe funfun nìkan ni kì í hàn níbẹ̀, yẹ́lò náà ò ní hàn, pupa á ṣókùnkùn. Ìdí ni pé ínkì príntà kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà ṣe ń bò ó, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá lọ bá funfun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń padà wá sójú wa. Tó bá jẹ́ dúdú ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò ní padà wá.

Ọ̀nà kìíní tẹ́ ẹ lè gbà ni kẹ́ ẹ lo pépà funfun, kẹ́ ẹ wá tẹ àwọ̀ ara ọkọ̀ sí gbogbo àyíká lẹ́tà, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà fúnra ẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan sí i. Funfun pépà ló máa wá di lẹ́tà yín. Tí ara ọkọ̀ bá dúdú, iṣẹ́ yìí rọrùn, torí dúdú ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí dúdú. Búlúù àti gíríìnì ló máa ń yọni lẹ́nu, ohun tẹ́ ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ni príntà máa gbé jáde. Ẹ ya àwọn àpótí kéékèèké bíi mẹ́sàn-án tàbí méjìlá, kí àwọ̀ kálukú yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà sítíkà yẹn gan-an, ẹ fín fánííṣì sí i kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀ wò ó, torí fánííṣì máa ń mú kí àwọ̀ ṣú sí i, ẹni tó bá wò ó kó tó fín in ti wò ó lásán. Ọgbọ́n míì tún wà níbẹ̀: tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ bá láàlà, bí àpẹẹrẹ pátákó tí orúkọ máa ń wà ní ìdí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ yẹn kún gbogbo pátákó yẹn dé etí, tí àwọ̀ ò bá tiẹ̀ bára mu tán, kò sẹ́ni tó máa rí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ọ̀nà kejì, tó jẹ́ pé òun ni mo gbà fún àmì ilé iṣẹ́ tó máa ń wà lára páìpù ńlá tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde: ẹ gé pépà sítíkà funfun tí ẹ ò tẹ nǹkan kan sí ní ìrísí àmì yẹn, kó kéré sí i díẹ̀ bíi ìdajì mìlímítà yípo, ẹ lẹ ìyẹn mọ́ ọn kó gbẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lẹ èyí tẹ́ ẹ tẹ sórí pépà tó mọ́ gaara lé e lórí. Àwọ̀ á ta yọ, etí funfun ò sì ní yọ síta. Ẹ fi fánííṣì díẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà kẹta ni pé kẹ́ ẹ gbà pé iṣẹ́ príntà kọ́. Wọ́n ń ta lẹ́tà àti nọ́ńbà funfun tó ti wà ní sẹpẹ́, wọ́n sì ń ta tónà funfun tó ń wọ inú àwọn príntà lésà kan. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ ALPS ní Japan ṣe príntà kan tí wọ́n ń pè ní MD, tó ń tẹ funfun, góòlù àti fàdákà, àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ̀lì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọn ò ṣe é mọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ góòlù náà nìyẹn o: príntà ilé ò ní góòlù, àwọ̀ yẹ́lò tó dà pọ̀ mọ́ búráùn ló máa tẹ̀ fún yín, kò sì ní dán. Tí góòlù bá ṣe pàtàkì lára ọkọ̀ yín, ẹ fi ọ̀dà kùn ún.

Ìwọ̀n

Ibi tó ń bu iṣẹ́ kù jù lára sítíkà tí èèyàn ṣe fúnra ẹ̀ kì í ṣe àwọ̀, ìwọ̀n ni. Lẹ́tà tó tóbi jù máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tí wọ́n fi oṣù mélòó kan kàn dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ẹ wá bí nǹkan yẹn ṣe ga tó lára ọkọ̀ gidi ní mìlímítà, ẹ fi síkéèlì yín pín in, ìyẹn iye ìgbà tí ọkọ̀ gidi fi tóbi ju mọ́dẹ̀lì yín lọ (1/48 túmọ̀ sí ìgbà 48). Lẹ́tà tó ga 600 mm lára ọkọ̀ gidi, ní 1/48 ó máa jẹ́ 12.5 mm, ní 1/72 ó máa jẹ́ 8.3 mm, ní 1/350 kò ju 1.7 mm lọ. Tí ẹ ò bá mọ bó ṣe ga tó, ẹ wo fọ́tò ọkọ̀ yẹn, ẹ fi wé nǹkan tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ẹ̀, ìlẹ̀kùn dáa fún un, tàbí èèyàn tó dúró níbẹ̀.

Nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ tó máa ń wà níwájú àti ní ìdí ọkọ̀ ní ìlànà tiẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti mítà, nọ́ńbà kálukú ga 10 cm, 20 cm ló sì wà láti ìsàlẹ̀ ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ èkejì, ìsàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn gan-an ló ń sọ ibi tí omi dé. Ní 1/50 ìyẹn máa jẹ́ 2 mm gíga, 4 mm síra wọn. Ti ẹsẹ̀ bàtà ni tiẹ̀ ga íǹṣì 6, wọ́n sì jìnnà síra wọn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o, ẹ tẹ gbogbo wọn sórí fíìmù gígùn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbé e lé, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Àmì Plimsoll, òbìrí tí ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá yẹn, tó ń sọ ibi tí omi ò gbọ́dọ̀ kọjá lára ọkọ̀ tó kó ẹrù, òun ni mo fẹ́ràn jù láti tẹ̀, òun náà sì ni mo máa ń rí àṣìṣe lára ẹ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Samuel Plimsoll, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jà fún un, òfin ọdún 1876 ló sì sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà tó bá jẹ́ ọkọ̀ ọdún 1850 lẹ̀ ń kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i. Ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ fàájì, òfin àgbáyé ọdún 1966 lórí àmì yìí yọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí òfin yẹn sọ nípa ìwọ̀n ẹ̀ rèé: òbìrí jẹ́ 300 mm láti etí dé etí, ìlà tó gba àárín ẹ̀ gùn ní 450 mm, gbogbo ìlà fẹ̀ ní 25 mm, etí òkè ìlà yẹn ló gbọ́dọ̀ gba àárín òbìrí, kì í ṣe àárín ìlà. Ní 1/50, òbìrí di 6 mm, ìlà di 9 mm, fífẹ̀ ẹ̀ di ìdajì mìlímítà. Ìlà kan tó dúró lóòró wá wà ní 540 mm síwájú òbìrí, ìyẹn 10.8 mm ní 1/50, ara ẹ̀ làwọn ìlà kéékèèké tó gùn ní 230 mm ti yọ: T (omi ilẹ̀ olóoru), S (ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn) àti W (ìgbà òtútù) kọjú síwájú ọkọ̀, F (omi tí ò níyọ̀) àti TF (omi tí ò níyọ̀ nílẹ̀ olóoru) kọjú sẹ́yìn, WNA (ìgbà òtútù ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì) sì wà fún ọkọ̀ tí ò gùn ju 100 mítà lọ.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Iwájú òbìrí làwọn ìlà yẹn máa ń wà, apá ọ̀tún ọkọ̀ o, apá òsì ọkọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá dúró lápá ọ̀tún ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún yín ni iwájú ọkọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá yí sí apá kejì, ọwọ́ òsì yín ló bọ́ sí. Torí náà sítíkà méjì tó yàtọ̀ síra lẹ máa ya, ìlà á yípo padà ṣùgbọ́n lẹ́tà ò gbọ́dọ̀ yípo. Ẹni tó bá kàn da ọ̀kan kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ kan á kọjú sẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ní kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo ẹ̀ padà bíi ti dígí, lẹ́tà F á kọ ẹ̀yìn sí wa.

Fún orúkọ tó wà ní ìdí ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, rúlà nìkan ò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ mú téèpù tí àwọn akunlé máa ń lò, ẹ lẹ̀ ẹ́ kún ìdí ọkọ̀ dáadáa, ẹ fi bírò ya etí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí orúkọ dé lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra ṣí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ fi síkánà gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Bí orúkọ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lẹ máa rí níbẹ̀ yẹn.

Yíya àwòrán

Inkscape ni kẹ́ ẹ lò, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ya nǹkan bí ìlà, kì í ṣe bí fọ́tò, èyí ni kì í jẹ́ kí etí lẹ́tà ṣe jágajàga bó ti wù kẹ́ ẹ dín in kù tó. Ẹ fi ojú ìwé ẹ̀ sí ìwọ̀n pépà yín, ẹ sọ ọ́ di mìlímítà, ẹ máa tẹ ìwọ̀n gangan síbẹ̀ dípò kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ fà á. Orúkọ tó bá máa yípo lára róbótó tí wọ́n fi ń gba ẹni tó ń rì là, ẹ ya òbìrí, kẹ́ ẹ ní kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ìlà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di fọ́tò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní PNG ni o, ní 600 dpi (ìyẹn àmì tóótòòtó 600 nínú íǹṣì kan), ẹ yàgò fún irú tí wọ́n ń pè ní JPEG, torí ó máa ń fi ìdọ̀tí wínníwínní sí àyíká lẹ́tà, lórí pépà lásán ẹ ò ní rí i, lórí fíìmù tó mọ́ gaara á dà bí eruku.

Ẹ ya ìlà kan tó gùn ní 100 mm sí igun kan, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sórí pépà lásán kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 97 tàbí 94 lẹ bá, príntà ti fún un pọ̀ kó lè wọ ojú ìwé nìyẹn, ẹ lọ síbi ètò ìtẹ̀wé kẹ́ ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ ní 100%. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ gé pépà lásán yẹn, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ibí yìí lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó tóbi jù, pépà lásán ò sì wọ́n.

Ẹ da nǹkan kọ̀ọ̀kan kọ tó mẹ́ta, ó kéré tán, torí ọ̀kan á fà ya, ọ̀kan á ká mọ́ra, ìkan yòókù ló máa wúlò. Ẹ fi 3 mm sáàárín wọn, ẹ sì fi etí pépà sílẹ̀ díẹ̀ yípo. Ẹ ò nílò láti yí àwòrán padà bíi ti dígí fún irú sítíkà yìí, ojú tẹ́ ẹ tẹ̀ lójú tó máa wà lókè.

Títẹ̀ ẹ́ àti bíbò ó

Ojú tó ń dán lára pépà yẹn lẹ máa tẹ̀ sí. Ẹ fọwọ́ mú un létí, òróró ara ìka ò jẹ́ kí ínkì mú. Ẹ máa ki pépà bọ príntà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Fún inkjet, ẹ sọ fún príntà pé pépà fọ́tò ni, kó tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tó dáa jù, ṣùgbọ́n tí ínkì bá pọ̀ jù tó ń pàdé pọ̀ lójú pépà, ẹ dín in kù sí ìwọ̀n àárín. Fún lésà, ẹ sọ pé pépà tó nípọn ni, tí príntà yín bá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí pépà lè gbà jáde tààrà láìká, ẹ ṣí i.

Tó bá jẹ́ ibi díẹ̀ lẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ ò ní láti fi odindi pépà ṣòfò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lásán ná, ẹ gé sítíkà tó máa bo ibi tó jáde sí yẹn, ẹ fi téèpù lẹ etí iwájú ẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ tún ki pépà yẹn bọ príntà padà. Inkjet nìkan ni kẹ́ ẹ ti dán èyí wò o. Nínú lésà, iná inú ẹ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù.

Tó bá jẹ́ inkjet, ẹ jẹ́ kó gbẹ, mọ́jú ló dáa jù. Lẹ́yìn náà ni fánííṣì àkírílíìkì inú agolo tó mọ́ gaara. Ẹ dúró jìnnà sí i tó 30 cm, kẹ́ ẹ fín in fẹ́rẹ́ kọjá, kó má tiẹ̀ rin gbogbo ẹ̀. Àkọ́kọ́ yìí ló lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́: tẹ́ ẹ bá da fánííṣì sí i tó rin, ínkì á ṣàn, lẹ́tà á hu irun. Tí àkọ́kọ́ bá ti gbẹ, bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fín ìkejì tó pọ̀ díẹ̀, ẹ fín ìkẹta, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ìta tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, òórùn ẹ̀ ò dáa fún àyà. Tónà ò nílò ẹ̀ tipátipá, ṣùgbọ́n mo máa ń fín in lẹ́ẹ̀kan náà, torí tónà máa ń rọ́ bọ́ tí wọ́n bá ká a.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fánííṣì ti bò ó tán, ẹ gé ibi tí kò wúlò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ jù ú sínú omi. Tí omi bá yí àwọ̀ padà, ẹ tún un fín.

Gígé àti lílẹ̀ ẹ́

Sítíkà tí ilé iṣẹ́ ṣe, àyíká lẹ́tà nìkan ni fíìmù máa ń wà, tiwa yìí fíìmù ló bo gbogbo pépà, torí náà ibi tẹ́ ẹ bá gé sí ni etí ẹ̀ máa wà. Ẹ gé e súnmọ́ àwòrán dáadáa, pẹ̀lú bíléèdì tuntun tó mú, bíléèdì tó kú máa ń gbọn etí fíìmù ni. Ẹ gé igun rẹ̀ kó rí róbótó díẹ̀, igun tó mú ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tó bá jẹ́ pépà funfun, etí tẹ́ ẹ gé yẹn á hàn funfun, ẹ fi máákà tó jọ àwọ̀ ara ọkọ̀ pa á kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́ sómi.

Ojú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa dán kẹ́ ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Ọ̀dà tí ò dán kún fún kòtò wínníwínní tí ojú ò lè rí, afẹ́fẹ́ á há sínú wọn lábẹ́ fíìmù, tó bá gbẹ tán á máa ṣe fọ́ọ́ bíi fàdákà, kò sì ní lọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ yín má dán níkẹyìn, ẹ fín fánííṣì tó ń dán sí i ná, ẹ lẹ sítíkà, kẹ́ ẹ wá fín èyí tí kì í dán lé gbogbo ẹ̀ lórí.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i ẹ̀kán kan. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú sítíkà, ẹ rì í bọ omi fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, á kọ́kọ́ ká bíi kó sá lọ, kó tó tún tẹ́ padà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi kẹ́ ẹ gbé e sórí tíṣù. Ẹ má fi í sínú omi títí táá fi léfòó fúnra ẹ̀, gọ́ọ̀mù á ti ṣàn lọ tán, kí ló máa wá mú un mọ́ ara ọkọ̀? Lórí tíṣù yẹn, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ìka tì í wò, tó bá ti yọ̀ díẹ̀, ó ti tó àkókò. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì fi omi tàbí Micro Set (oògùn olómi tó ń jẹ́ kí sítíkà mú dáadáa) pa ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí, ẹ gbé pépà àti fíìmù síbẹ̀ papọ̀, kẹ́ ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì tó rin di fíìmù mú, ẹ wá fa pépà kúrò lábẹ́ ẹ̀. Pépà lẹ máa fà o, fíìmù kọ́. Nígbà tó ṣì ń léfòó lórí omi, ẹ lè tì í síbí tì í sọ́hùn-ún kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ, ìlà téèpù kan tẹ́ ẹ ti lẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀ ṣáájú á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó wọ́.

Tó bá ti wà níbi tó yẹ, ẹ fi etí tíṣù fa omi láti àárín lọ síta, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má nù ún. Níbi tí ara ọkọ̀ bá ti yípo tàbí tí pátákó ti ní àlàfo, ẹ fi Micro Sol pa á lórí. Oògùn yìí máa ń rọ fíìmù, fíìmù á hunjọ, á dà bíi pé ó ti bàjẹ́, àyà ẹni máa ń já níbẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀! Á tẹ́ padà fúnra ẹ̀ tó bá ń gbẹ. Fíìmù tẹ́ ẹ fín fánííṣì sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípọn ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ó lè gbà tó ìgbà méjì mẹ́ta kó tó gbọ́, ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù, torí àwọn fánííṣì kan wà tí oògùn yẹn máa ń yọ́. Tí afẹ́fẹ́ bá há sí ibì kan lẹ́yìn tó gbẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ tún kán oògùn sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ rírin nu gọ́ọ̀mù tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ á di ẹrẹ̀ yẹ́lò lábẹ́ fánííṣì. Ẹ wá bo gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ tó kàn máa jókòó nínú ilé, fánííṣì ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Èyí tó máa wọ omi ní tòótọ́ ló nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kó kọjá etí sítíkà dáadáa kí omi má ríbi gbà wọ abẹ́ ẹ̀, pàápàá nísàlẹ̀ ojú ìlà omi níbi tí nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ máa ń wà. Fánííṣì tó lágbára, irú èyí tí wọ́n ń da oògùn mọ́ kó lè le, ló dáa jù fún un, ṣùgbọ́n ìpele tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kó má bàa jẹ ínkì. Ẹ má fi ọtí isopropyl nu ibi tí sítíkà inkjet wà, ó máa ń tú ínkì.

Àsíá ńkọ́? Sítíkà kọ́ ni tàsíá. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló dáa fún un. Ẹ ya àsíá lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì yípo bíi ti dígí, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ níbi tó máa kan òpó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fín fánííṣì sí i, ẹ ṣẹ́ ẹ po yípo okùn, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ inú ẹ̀ pọ̀, kó tó gbẹ tán ẹ ká a mọ́ ara igi pẹ́ńsùlù síbí sọ́hùn-ún kó lè rí bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára pépà sítíkà yín, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá tó dé pa, kó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìwé méjì, ibi tí òtútù àti ọ̀rinrin ò ti ní dé ibẹ̀, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Tó bá pẹ́ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi, ẹ má dà á nù, ẹ fi Liquid Decal Film, ìyẹn fíìmù olómi tí wọ́n ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì pa, pa ojú èyí tó kù ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gé e.